Ta Ni Bàbá Ń Lọ Kí? Ìmúra Ajagunfẹ̀yìntì Láti Houinmè

Inú agolo bisikíìtì ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó jagun ń kó ogun náà pamọ́ sí. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Houinmè, nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣí tirẹ̀ lójú mi lọ́jọ́ kan, lórí ẹní tó tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú mẹ́dàà kan jáde, ribọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ṣá débi pé a kò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó mú ìwé ológun rẹ̀, eku ti jẹ ẹ́ létí. Lẹ́yìn náà ló fa fọ́tò kan yọ: ọmọkùnrin mẹ́rin nínú aṣọ kákí, wọ́n dúró níwájú ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Algeria, oòrùn ń ta wọ́n lójú. Ó na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ ẹni àkọ́kọ́, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ẹni kẹta. Nígbà tó kan ẹni kẹrin, ìka rẹ̀ dúró. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni. Ó mọ ọbẹ̀ í sè.” Orúkọ náà kò wá.

Ọjọ́ yẹn ló sọ fún wa pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ológun tó sùn sí ilẹ̀ òkèèrè kí ọjọ́ tòun náà tó pé. Ọmọbìnrin rẹ̀ yíjú sí mi, ó béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú jẹ́. Mo ní kó fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Ìrìnàjò yìí kì í ṣe ìgbafẹ́. Ìbẹ̀wò ni, bí ìgbà tí a bá lọ kí ẹbí tó ṣòfò, ẹni tó bá sì ń lọ kí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ onílé. Kí a tó mọ ọ̀nà tí a ó gbà, kí a tó mọ ìwé tí a ó gbà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ta ni bàbá ń lọ kí?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka orí yìí gan-an lẹ jagun, tó jẹ́ ẹ̀yin ni gbogbo Àjàṣẹ́ ń pè ní ancien combattant, ì báà jẹ́ Yorùbá ni a ń sọ lọ́wọ́ tàbí Gùn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí yóò di bàbá lápá mú lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Orúkọ ló ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Kí bàbá máa sọ, kí ọmọ máa kọ. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí ìrántí àgbà kì í wá nígbà tí a bá ń kán an lójú. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló dára jù. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí bàbá bá rántí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ ogun tó wà, ọdún tí wọ́n gbà á, ibi tí bàbá ti rí i kẹ́yìn. Bí matricule rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ológun rẹ̀, bá wà nínú ìwé kankan, ẹ fa ìlà sí i nídìí, nítorí orúkọ lè yí padà lọ́wọ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í sábà yí.

Bí etí àwọn akọ̀wé ológun Faransé ṣe gbọ́ orúkọ wa ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣ di ch, u di ou, ẹ̀ àti e di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń wá Adéṣínà, kó wá Adechina pẹ̀lú. Ẹni tó ń wá Olú, kó wá Olou. Ẹlòmíràn wọ inú ìwé pẹ̀lú orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ nìkan, tàbí pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Níbi ọjọ́ ìbí, ẹ ó rí “né vers 1915”, èyí tó túmọ̀ sí pé akọ̀wé wo ojú ọmọ náà, ó sì fọkàn dá ọdún lé e lórí. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé “kì í ṣe òun” kìkì nítorí pé ọdún fi mẹ́ta yàtọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ológun Faransé ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Mémoire des hommes. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì, tí ìjọba Faransé sì kọ Mort pour la France (ó kú fún Faransé) sí lára, wà níbẹ̀. Ti àwọn tó là á já, ìlú Pau ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n tọ́jú púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn sí, lẹ́tà ni a ń kọ síbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ohun tó wà nítòsí: Àjàṣẹ́ níhìn-ín, ní Ouando, ni ilé àkójọ ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ wà. Láti Houinmè, zémíjàn ló máa gbé yín débẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, ẹ béèrè ìwé tó jẹ mọ́ ìgbanisíṣẹ́ ológun láyé tí a ń pe Bẹ̀nẹ̀ ní Dahomey.

Ohun kan wà tó máa ń dá àwọn ọmọ láàmú níbi ìwádìí yìí. Orúkọ tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni tirailleurs sénégalais. Àwọn ọmọ á ní, “Bàbá wa kì í ṣe ará Sẹ̀nẹ̀gà.” Lóòótọ́, Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ogun yẹn sílẹ̀ ní 1857, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Dahomey, Niger, Upper Volta, Guinea, Ivory Coast àti ibòmíràn ni wọ́n ti ń kó ọmọ sínú rẹ̀. Ọmọ Kétu, ọmọ Sàkẹ́tẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́, gbogbo wọn wà lábẹ́ orúkọ yìí.

Bí ẹ bá sì ń bi àwọn ìyá àgbà léèrè, ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá bá ìtàn sísá pàdé níbi tí ẹ ti ń wá ìtàn ogun. Nígbà tí Faransé ń kó àwọn ọmọkùnrin wa lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ni kò gbà. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní apá Pọ́bẹ̀ dìde sí ìjọba láti 1914. Lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bàrìbá, Bio Guéra kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó sì kú lójú ìjà ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1916. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní ẹ̀bá ààlà kó ẹrù, wọ́n sọdá sí Nàìjíríà kí wọ́n má bàa mú ọmọ wọn. Nínú ilé kan náà, ẹ lè rí ẹni tó lọ jagun àti ẹni tó sá fún un. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni ogun náà kọlù, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé yín.

Bí ẹbí yín bá wà ní òdìkejì ààlà, tó jẹ́ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó jagun fún, ojúlé àjọ tí ń tọ́jú ibojì ológun Gẹ̀ẹ́sì, CWGC, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ìpín ogun 81 àti 82 láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní Burma, àwọn tí a kò sì rí ibojì wọn níbẹ̀ wà lára orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ìrántí Rangoon ní Taukkyan.

Ibo ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí

Kútọnu. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń retí. Ṣùgbọ́n ìrìn tí kò ju ọgbọ̀n kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ yìí ni yóò sọ ohun tí ara bàbá lè gbà àti ohun tí kò lè gbà. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ wo bó ṣe jókòó pẹ́ tó nínú ọkọ̀ kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, bó ṣe dúró pẹ́ tó, iye ìgbà tó tọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ibi tí ẹ ó lọ ni Place du Souvenir, tí púpọ̀ nínú àwa àgbà ṣì ń pè ní Place des Martyrs. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kìíní 1977, ọkọ̀ òfurufú kan gúnlẹ̀ sí Kútọnu pẹ̀lú àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀, Bob Denard ló ṣáájú wọn, wọ́n wá gbàjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou. Àwọn ọmọ ogun wa dojú kọ wọ́n, láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n ti sá padà sínú ọkọ̀ wọn. Nítorí àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ láyé Kérékou, ó lè jẹ́ pé ibí yìí gan-an ni ẹni tó ń wá kí wà, tí kò sì nílò físà kankan.

Bí agbára bá kù, ẹ gba etí òkun padà kí ẹ wo ère Amazone, obìnrin jagunjagun Dahomey, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30, tí wọ́n ṣí ní 30 oṣù Keje 2022. Bí kò bá sí agbára, ẹ máa bọ̀ nílé.

Thiaroye

Bí ẹ bá bi mí pé ibi ìrántí wo nílẹ̀ òkèèrè ló yẹ kí ajagunfẹ̀yìntì láti Àjàṣẹ́ fi ṣáájú, Thiaroye ni n ó sọ. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Dakar, kò jìnnà bíi Faransé, a kò sì ń gba físà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ju owó lọ.

Àwọn tó sùn síbẹ̀ kò kú sọ́wọ́ ọ̀tá. Tirailleurs ni wọ́n, ogun Jámánì mú wọn ní 1940, wọ́n sì lo ọdún mẹ́rin nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n lórí ilẹ̀ Faransé. Ní 21 oṣù Kọkànlá 1944, wọ́n gúnlẹ̀ sí Dakar. Wọ́n ní kí ìjọba Faransé san owó iṣẹ́ àwọn kí àwọn tó tú ká lọ sílé. Ní òwúrọ̀ 1 oṣù Kejìlá, ní àgọ́ Thiaroye, àwọn ọ̀gá ológun Faransé pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn sí wọn. Ìjọba Faransé sọ nígbà yẹn pé 35 ló kú. Ní 2014, ààrẹ François Hollande dárúkọ 70. Ìwé tí ìgbìmọ̀ olùwádìí Sẹ̀nẹ̀gà gbé lé ààrẹ wọn lọ́wọ́ ní 2025 sọ pé láàárín 300 sí 400 ni. Ó di oṣù Kọkànlá 2024, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, kí ààrẹ Emmanuel Macron tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìpakúpa ni.

Ọmọ Dahomey wà lára wọn. Antoine Abibou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 34 tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ológun lẹ́yìn ìbọn náà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un. Ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé ẹjọ́ ní Faransé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n yọ ẹ̀bi kúrò lórí bàbá òun. Ẹ ka orúkọ yẹn sí bàbá létí kí ẹ tó lọ, Abibou. Orúkọ tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa ni.

Ibojì 202 ló wà ní ibi ìsìnkú Thiaroye, kò sí orúkọ lórí ìkankan. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ìwé ìkọ̀wé. Níbẹ̀, orúkọ tí ẹ bá gbé wá láti ilé nìkan ni orúkọ tí yóò wà.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò nílò físà fún Sẹ̀nẹ̀gà, ó lè lo 90 ọjọ́ lábẹ́ òfin CEDEAO (ECOWAS). Ṣùgbọ́n kí bàbá mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, kó má gbára lé káàdì ìdánimọ̀ nìkan, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti pápákọ̀ Cadjèhoun, ọkọ̀ òfurufú ASKY á gba Lomé kọjá. Ẹ má ṣe gba ọ̀nà ilẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ nínú ọkọ̀ akérò kì í ṣe ti àgbà, àìléwu sì ṣòro lápá Mali. Pápákọ̀ Blaise Diagne jìnnà sí àárín Dakar, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró dè yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi ní Dakar fún ọjọ́ kan gbáko, ọkọ̀ ojú irin TER tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá 2021 dúró ní Thiaroye fúnra rẹ̀. Ó mọ́, ó tutù, bàbá á rí àga jókòó.

Ilẹ̀ ológun ni ibi ìsìnkú náà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti ń wa ilẹ̀ níbẹ̀ láti 2025. A kì í kàn dé bẹ́ẹ̀ kí a wọlé. Kí ẹgbẹ́ ancien combattant tí bàbá wà kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ológun Sẹ̀nẹ̀gà, oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà lẹ́tà náà àti ìdáhùn rẹ̀ dání. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ni ayẹyẹ ọdọọdún. Bí bàbá bá fẹ́ èrò àti fèrè ológun, kó lọ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá fẹ́ dá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkú, kó lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú ọjọ́ Dakar ṣì tutù.

Ilẹ̀ Faransé

Chasselay, tó fi bí ogún kìlómítà jìnnà sí Lyon, ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ní 19 àti 20 oṣù Kẹfà 1940, nígbà tí ogun Faransé ti fọ́, àwọn tirailleurs ṣì ń dí ọ̀nà fún ogun Jámánì níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jámánì mú wọn, wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Ibojì 196 ló wà níbẹ̀ báyìí, nínú odi pupa tí wọ́n kọ́ bíi ti ilẹ̀ Sudan ti Faransé, tó jẹ́ Mali lónìí, tí wọ́n ń pè ní Tata. Wọ́n ṣí i ní 8 oṣù Kọkànlá 1942. Erùpẹ̀ láti Dakar ni wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó wá, tí wọ́n pò mọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀, kí àwọn ọmọ náà lè sùn nínú ilẹ̀ wọn.

Ní Reims, ère àwọn akọni Armée noire, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun aláwọ̀ dúdú, wà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dúró ní 1924. Ogun Jámánì wó o ní 1940, wọ́n sì tún un gbé dúró ní 2013. Ìkejì rẹ̀ wà ní Bamako, ṣùgbọ́n n kò ní rán àgbàlagbà lọ síbẹ̀ lákòókò yìí. Ní Fréjus, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn tirailleurs sí nígbà òtútù, ohun ìrántí wà, mọ́ṣáláṣí Missiri náà sì wà níbẹ̀.

Faransé ń béèrè físà, físà sì ń béèrè sùúrù. A kì í fi ìwé sílẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Mo ní kí ẹ ṣe é ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò, nǹkan bí 59,000 sefa. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò níbẹ̀, kó ní ojú ewé òfìfo méjì, kó má sì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ó ra ìbánigbófò ìrìnàjò tó lè san 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Fún àgbà tó ti lé ní 80, ẹ ka ìwé ìbánigbófò náà dáadáa, torí òmíràn kì í gbà á, òmíràn kì í sì sanwó fún àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìwé ti ń bàjẹ́ jù ni ọjọ́ ìbí. Bàbá alágolo bisikíìtì yẹn, ọdún kan wà nínú ìwé ológun rẹ̀, ọdún mìíràn wà lórí káàdì rẹ̀. Ọ́fíìsì kan dá a padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀, ẹni tó wà nídìí tábìlì kò sì tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ó dùn mí. Ẹ ṣe àtúnṣe èyí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ilé ẹjọ́ tó fi hàn pé ẹnì kan náà ló ni ìwé méjèèjì.

Níwọ̀n bí ẹ bá ti tú ìwé síta, ẹ wo ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Òfin Faransé kan ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1959 di owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà pa sójú kan, tó fi jẹ́ pé ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ jà nínú kòtò kan náà, ọ̀kan ń gba owó tó ń gòkè, èkejì ń gba owó tó ti kú. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣe ti retraite du combattant ní ọgbọọgba. Bí bàbá bá ní carte du combattant, tó sì ti pé ọdún 65, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó ta ilẹ̀ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ara, àti ẹrù

Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Bàbá kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ẹni tí yóò bá a lọ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lówó jù nínú ẹbí, bí kò ṣe ẹni tó lè wẹ̀ fún un bó bá di dandan, tí bàbá kò sì tijú rẹ̀.

Ẹ rí dókítà ní oṣù kan ṣáájú. Kí oògùn ìfúnpá tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà wà nínú àpò tí ẹ ó gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú, kó ju iye ọjọ́ ìrìnàjò lọ, pẹ̀lú ìwé dókítà. Láti Kútọnu sí Paris, wákàtí mẹ́fà ó lé ni lójú òfurufú. Kí bàbá máa dìde rìn, kó máa mu omi, kí ẹsẹ̀ má bàa wú. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ní wákàtí 48 ṣáájú pé ẹ nílò kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ọ̀pọ̀ ológun kì í fẹ́ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ ní kó gbà á nítorí ọ̀nà jíjìn inú pápákọ̀, kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú ibojì.

Bí irin ìbọn bá wà lára bàbá, kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rí i ní pápákọ̀ kan tí ẹ̀rọ dún bí àgbà kan ṣe kọjá, tí wọ́n mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ó bọ́ ọ, ó dúró ṣánṣán, àyà síta, bí ẹni tí ọ̀gá ń yẹ̀ wò. Ìwé kékeré kan ì bá ti gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ mú mẹ́dàà dání nínú àpò ọwọ́, kí ẹ so ó mọ́ aṣọ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ má ṣe mú ọta ìbọn, èèpo rẹ̀, tàbí ọ̀bẹ ogun, ì báà ti pé àádọ́ta ọdún nínú àpótí. Ẹ má sì gbé erùpẹ̀ ilé lọ sí Faransé, bó ti wù kí ó wuni lẹ́yìn ìtàn Chasselay: òfin wọn kò gba erùpẹ̀ láti ilẹ̀ wa mọ́. Ẹran gbígbẹ náà kò wọlé, obì tútù sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Omi wà níbi gbogbo láti ta sílẹ̀.

Níwájú ibojì

Ẹ má ṣe lọ sí ju ibi kan lọ lójúmọ́. Ẹ mú àga kékeré dání, àti omi. Kí bàbá fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí yóò dúró sí. Ó lè ka Fàtíhà, ó lè gba Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run, ó lè ki oríkì ìlú òkú náà bó bá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ ṣí ìwé ìkọ̀wé, kí bàbá pe àwọn orúkọ náà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú wọn. Bí omi bá bọ́ lójú rẹ̀, ẹ fi fóònù sápò. Ẹni tó ń sunkún fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń ya fídíò.

Ẹ má ṣe ṣètò ohunkóhun fún alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lè máà sùn. Ó lè sọ ohun tí kò sọ rí láti ọgọ́ta ọdún, tàbí kó má sọ ohunkóhun. Ẹ jókòó tì í. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá tẹ̀ lé yín délé, tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó.

Bàbá wa ní Houinmè ti lọ sí Kútọnu. Ìwé rẹ̀ fún Dakar ti ń parí lọ. Orúkọ méjìdínlógún ló wà nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. Ti ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tó mọ ọbẹ̀ í sè kò tíì sí níbẹ̀, wọ́n fi ìlà kan sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí agolo bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ ṣí i lálẹ́ òní, nígbà tí ó ṣì lè na ìka sí ojú wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn sẹ́yìn fọ́tò náà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí báírò máa ń tú, ó sì máa ń jẹ fọ́tò já sí iwájú.